Owó ọjà: ṣé tiwa ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ló le jù ni, àbí a ò mọ tàwọn ẹlòmíì?

Tíṣà Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ẹbí wa, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i. Ìgbàkígbà tí mo bá ní ọjà ti gbówó lórí ní Wàǹdó, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Èkó á ní kí n panu mọ́, pé bí mo bá dé ọjà Mushin màá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àbúrò wa tó wà ní Páríìsì á ní owó yàrá kan ṣoṣo tí òun ń san lóṣù ju gbogbo owó oṣù mi lọ. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó fẹ́ ará Gánà á ní ẹni tó ń ná sẹ́fà, owó tí à ń ná níbí ní Bẹ̀nẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ráhùn. Lójú wọn, èmi nìkan ni mò ń sunkún láìsí òkú.

Owó oṣù mi kò dín, àmọ́ ohun tí mò ń gbé bọ̀ láti ọjà kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, búrẹ́dì fúnra rẹ̀ ló fúyẹ́. Iye kan náà ni ìyá alákàrà àdúgbò wa ṣì ń gbà, ẹ wá wo àkàrà ọ̀hún: ẹnu kan ni.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Báwo ni èèyàn ṣe lè fi owó ọjà ìlú kan wé ti ìlú mìíràn láìrẹ́ ara rẹ̀ jẹ? Àti pé kí ni ẹ̀yin ń ṣe tí ìkòkò yín fi ń hó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n ṣe sùúrù. Mo ti ń ṣe é.

Ìyá Elélùbọ́ (Kétu)

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ò mọ ti Páríìsì. Ti Nàìjíríà ni mo mọ̀, nítorí Ìlárá àti Mẹ́kọ kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń ná ọjà kí wọ́n tó bí mi.

Ọ̀gá méjì ni owó ọjà wa ń sìn. Ọ̀kan wà ní èbúté Kùtọnu, èkejì wà ní Nàìjíríà. Ìrẹsì, ṣúgà, ìyẹ̀fun, ẹja dídì, ohun tó bá ti gba ojú omi wọlé, iye tí wọ́n ń tà á láyé ni a ó rà á. Ohun tó bá gba Ìlárá tàbí Ìgólò wọlé, náírà ló máa pàṣẹ fún un.

Ẹ wá wo náírà ọ̀hún. Lọ́dún 2014, ẹgbẹ̀rún náírà kan ń lọ sí nǹkan bíi 3,000 sẹ́fà. Nígbà tó fi máa di 2024, bóyá ló fi ń tó 400. Ẹni tí kì í ṣòwò á ní, "Ó dára fún yín nìyẹn, ẹ ó máa ra ọjà wọn ní pọ̀ọ́kú." Lóòótọ́, ó rí bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ike, bísíkíìtì, ọṣẹ, gbogbo rẹ̀ rọjú. Àfi bí àwọn tó ń ṣe é lọ́hùn-ún ṣe gbówó lé e, torí dọ́là ni àwọn náà fi ń ra èròjà. Èyí tó dùn mí jù ni àwọn oníbàárà mi tó ń ti Nàìjíríà wá ra èlùbọ́ àti iṣu. Ọ̀pọ̀ wọn kò wá mọ́, torí bí wọ́n bá fi náírà ṣírò ohun tí mò ń tà ní sẹ́fà, orí wọn á fò lọ. Nítorí náà, bí náírà bá já, ẹni tó ń rà láti ọ̀hún lè rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń tà fún wọn ló ń fọwọ́ lẹ́rán. Inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì sì lè máa gbé.

Ìmọ̀ràn tèmi: bí ẹ bá ń rajà láti ọ̀hún, ẹ má wo iye tí wọ́n pè é ní náírà nìkan. Ẹ fi iye tí ẹ fi ṣẹ́ owó lọ́jọ́ náà gan-an ṣírò rẹ̀, ẹ fi owó ọkọ̀ kún un, ẹ fi owó ẹrù kún un, kí ẹ tó wá wò ó bóyá ó ṣì rọjú ju ti Wàǹdó lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà kò rọjú. Ẹ má sì fi náírà pamọ́ sílé pé ẹ ó ná an lóṣù tó ń bọ̀.

Zémì Alẹ́ (Àjàṣẹ́)

Ìyá wa ti sọ ti náírà, kò sọ ti kpáyò, bẹntiróòlù inú ìgò tó ń ti Nàìjíríà wọlé! Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ tuntun Nàìjíríà ní ìjọba kò ní bá aráàlú san lára owó bẹntiróòlù mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa, àwọn tó ń ta kpáyò ní ojú ọ̀nà wa ti kó ìgò wọlé. Nígbà tí wọ́n máa kó o jáde padà, owó rẹ̀ ti gbéra lọ sókè, kò sì padà síbi tó wà mọ́. Èèyàn Abuja ló sọ̀rọ̀, èmi tí mo wà lórí alùpùpù ní Àjàṣẹ́ ni mo san án. Èrò á ṣì máa na iye tó ń san ní 2022 sí mi, á ní, "Ibí yìí kọ́ ni?"

Ohun tí mo ń ṣe: mi ò káàkiri wá èrò mọ́, mo mọ ibi tí mò ń dúró sí àti wákàtí tí wọ́n ń jáde. Mò ń tún káàbúrétọ̀ ṣe déédéé, mò ń wo afẹ́fẹ́ táyà. Ó ń dín epo kù ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ má sì torí pé owó rẹ̀ ń gòkè kó kpáyò pamọ́ sínú ilé. Ẹ rántí Sẹmẹ̀-Kraké ní oṣù kẹsàn-án 2023. Ó lé ní ọgbọ̀n èèyàn tí iná pa níbi ìkó-epo-sí yẹn.

Oníṣirò (ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, Kùtọnu)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Ó máa gùn o.

Ẹ̀gbọ́n tíṣà tó wà ní Èkó kò purọ́. Ní oṣù kejìlá 2024, ìṣirò ìjọba Nàìjíríà fi hàn pé owó ọjà fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ní Gánà, ó dé 54.1 ní oṣù kejìlá 2022. Tọ́kì kọjá 80 lọ́dún 2022 kan náà, ti Argentina kọjá 200 ní 2023. Àwọn òyìnbó pàápàá kò bọ́: Amẹ́ríkà dé 9.1 ní oṣù kẹfà 2022, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé 11.1 ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn tó ń ná yúrò sì dé 10.6. Tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ kò tó 3 ní 2023. Ẹni tó bá wo èyí nìkan á ní kí a lọ máa jó.

Ìdí tí tiwa fi kéré ni pé a so sẹ́fà mọ́ yúrò: yúrò kan, 655.957 sẹ́fà, láti 1999. Kò sẹ́ni tó máa jí láàárọ̀ kí ó bá a pé owó ọwọ́ rẹ̀ ti já bíi náírà. Àwọn àgbà inú wa sì mọ̀ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù kìíní 1994, òru ọjọ́ kan ni wọ́n gé sẹ́fà sí méjì: fránkì Faransé kan tí a ń fi 50 rà di 100. Ẹ bi àwọn ìyá yín léèrè iye tí òògùn àti ìrẹsì di lọ́sẹ̀ yẹn.

Síbẹ̀, ìṣirò yẹn kò sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é máa ń kó oríṣiríṣi nǹkan jọ sínú apẹ̀rẹ̀ kan: oúnjẹ, owó ilé, owó fóònù, aṣọ, ilé ìwé, òtẹ́ẹ̀lì pàápàá. Bí owó íńtánẹ́ẹ̀tì bá já, tí ti àgbàdo gòkè, wọ́n lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀. Ta ni ń jẹ íńtánẹ́ẹ̀tì? Ẹni tí èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ń lọ sórí oúnjẹ, apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìjọba. Ti búrẹ́dì tó fúyẹ́ sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣírò gbọ́dọ̀ gbé e sórí ìwọ̀n kí ó tó rí i. Tíṣà rí i láìní ìwọ̀n.

Ìyẹn nìkan kọ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ìrẹsì àti epo rọ̀bì lọ́jà àgbáyé. Ní 2022, yúrò rẹlẹ̀ dé ibi tí òun àti dọ́là ti di ọgbọọgba, sẹ́fà wa sì bá a rẹlẹ̀. Ní oṣù keje 2023, Íńdíà fòfin de títa ìrẹsì funfun tí kì í ṣe basmati sókè òkun, ó di oṣù kẹsàn-án 2024 kí wọ́n tó tú u. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n ní Àjàṣẹ́, àmọ́ abọ́ ìrẹsì yín gbọ́ ọ.

Ọmọ Ẹ̀yìn Òkun (Páríìsì)

Ọmọ Àjàṣẹ́ lèmi náà, mo sì fẹ́ bá àbúrò tíṣà wí díẹ̀. Kí a máa fi yúrò ṣẹ́ sẹ́fà ká tó sọ pé "ó wọ́n níbí" kò bójú mu. Ẹni tó ń gba yúrò ló ń ná yúrò.

Wákàtí iṣẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń gba owó tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin níbí, nǹkan bíi yúrò mẹ́sàn-án ló ń wọ àpò rẹ̀ fún wákàtí kan. Kílò ìrẹsì tí mò ń rà tó yúrò méjì. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fi ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, 52,000 sẹ́fà ni owó oṣù tó kéré jù látìgbà tí wọ́n ti gbé e kúrò ní 40,000 ní oṣù kìíní 2023. Bí a bá pín in sí ogójì wákàtí lọ́sẹ̀, wákàtí kan jẹ́ bíi 300. Bí kílò ìrẹsì bá wà ní 600, wákàtí méjì nìyẹn. Ìrẹsì kan náà, láti Íńdíà kan náà!

Àmọ́ ẹ yí i sí apá kejì. Yàrá tí mò ń gbé ń jẹ 650 yúrò lóṣù, ìyẹn ju àádọ́rin wákàtí lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì oṣù. Ní Àjàṣẹ́, bí yàrá bá jẹ́ 10,000, wákàtí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Nítorí náà, òótọ́ ni àbúrò ń sọ nípa ilé, òótọ́ ni tíṣà ń sọ nípa oúnjẹ. Ebi kì í pa wá níbí, ilé ni kì í jẹ́ ká sùn.

Ìyá Elélùbọ́ (Kétu)

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ yéni, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ń gba 52,000 yẹn? Èmi ò ní ọ̀gá. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ látàárọ̀, wákàtí mi di òfo. Àwọn tó ń gbowó oṣù mọ iye tí wọn kò ní. Àwa tí à ń tajà kì í mọ̀ títí alẹ́.

Oníṣirò (Kùtọnu)

Òótọ́ ni, ìyá wa. Ẹ lè ṣe é báyìí: ẹ kó èrè ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jọ, tó dára àti tí kò dára, ẹ pín in sí iye ọjọ́ tí ẹ jókòó ti ọjà. Èyí ni owó ọjọ́ kan yín. Kí ẹ wá máa béèrè pé abọ́ àgbàdo kan gba ìdá mélòó nínú ọjọ́ kan. Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, tí ẹ tún kọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa lè bá yín jiyàn.

Ọmọ Pọbẹ̀ (Èkó)

Mo ń ka gbogbo rẹ̀ láti ìkàngun kan nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí n fi wákàtí yẹn ṣe ti ibí. Ìjọba gbé owó oṣù tó kéré jù láti 30,000 náírà sí 70,000 ní oṣù keje 2024. Ẹ ò rí i, ó ju ìlọ́po méjì lọ! Pín in bí ti tẹ̀gbọ́n Páríìsì, wákàtí kan jẹ́ bíi 400 náírà. Bí kílò ìrẹsì bá wà ní 1,600, wákàtí mẹ́rin ni. Ìlọ́po méjì tiyín. Bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà fún lítà kan kí oṣù karùn-ún 2023 tó parí, ní oṣù kẹwàá 2024 ó ti ń lọ sí 1,000. Ẹ tún fi 70,000 yẹn ṣẹ́ sẹ́fà, kò tó 30,000.

Nítorí náà, bí àwọn ará ilé bá ní kí ẹ dúpẹ́, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn pé kí ẹ dákẹ́. Pé ẹsẹ̀ mi kán kò sọ pé kí ẹ̀gún tó wà lẹ́sẹ̀ yín má dùn yín. Gbogbo ìgbà tí ọjà bá le, àwọn aláṣẹ á ní "gbogbo ayé ló rí bẹ́ẹ̀", wọ́n á sì bá a lọ. Kí àwa náà má bá wọn sọ ọ́ fún ara wa.

Aya Ará Gánà (Accra)

Èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n tíṣà o, ṣùgbọ́n ipò kan náà la wà, Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n ti fẹ́ mi wá. Ohun kan tí ó ń tan èèyàn jẹ níbí: bí rédíò bá ní owó ọjà "ti wálẹ̀" láti 54 sí 23, bó ṣe rí ní 2023, ìyá ọkọ mi á jáde lọ sọ́jà, á padà wá pẹ̀lú ìbínú. Kò sí nǹkan tó wálẹ̀. Eré tí owó ọjà ń sá ló dín, kò padà sẹ́yìn. Ohun tó di méjì lánàá ṣì wà ní méjì, ó kàn jẹ́ pé kò tíì di mẹ́rin. Ẹ máa gbọ́ ìròyìn báyìí, kí ẹ má bàa bá alátẹ jà.

Àwa kan níbí tí a ní ẹbí ní Bẹ̀nẹ̀ máa ń fi sẹ́fà díẹ̀ pamọ́ torí sídì, owó Gánà, tó máa ń já. Ìyẹn nìkan ló lè jẹ́ kí n gbà pé ẹni tó ń ná sẹ́fà sàn díẹ̀. Ó lè pète ohun tó fẹ́ ṣe lóṣù mẹ́fà sí i.

Olóbẹ̀ Àdúgbò (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀yin oníṣirò, ẹ ò mẹ́nu ba àlùbọ́sà! Àlùbọ́sà Galmi láti Nìjẹ̀r ni mo fi ń se ọbẹ̀ tà. Láti ìgbà tí àwọn sójà ti gba ìjọba lọ́hùn-ún ní oṣù keje 2023, ẹnubodè ti di wàhálà. ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ló kọ́kọ́ tì í. Nígbà tí wọ́n ṣí tiwọn ní 2024, Nìjẹ̀r kò ṣí tirẹ̀ fún wa. Mo ti bọ́ sórí ti Malanville àti ti Grand-Popo báyìí. Ti Grand-Popo kéré, ó sì lómi, ó máa ń tètè bàjẹ́, ẹ má ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mò ń tẹ́ tèmi sórí apẹ̀rẹ̀ níbi tí atẹ́gùn wà, mi ò jẹ́ kó fara kan ilẹ̀.

Ti epo pupa: ìgbà ẹ̀yìn ni kí ẹ rà á, láti oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún, nígbà tí apá Ṣakẹ́tẹ́ àti Pọbẹ̀ ń fún un. Ẹ ra èyí tó máa tó oṣù mẹ́fà, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ dáadáa. Ẹni tó ń ra epo ní ìgò kéékèèké lójoojúmọ́ ló ń ra èyí tó wọ́n jù ní Àjàṣẹ́, kò sì mọ̀.

Àgbẹ̀ Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́)

Mo kí gbogbo yín. Gbogbo yín ló ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ń rà. Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó gbìn ín.

Nígbà tí àgbàdo bá wọ́n ní Àjàṣẹ́, ẹ má rò pé èmi ni mo lówó. Nígbà ìkórè ni mo ti tà á, ní owó pọ́ọ́kú, torí owó ilé ìwé àti gbèsè oògùn igi kájú. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ mi ló tọ́jú rẹ̀ di oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún, ìgbà tí abà ti gbẹ tí ti tuntun kò tíì jáde. Oṣù yẹn ni ẹ̀yin ń ráhùn, oṣù yẹn náà ni èmi àgbẹ̀ ń ra àgbàdo. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: mò ń ra irú ohun tí mo gbìn, ní ìlọ́po iye tí mo tà á. Kò sí ti Nàìjíríà tàbí Íńdíà nínú ìyẹn. Àwa fúnra wa ni.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni àpò onípele mẹ́ta yẹn, ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun níta. Ẹ sá àgbàdo tàbí ẹ̀wà kó gbẹ kanrin, ẹ dà á sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ so ó pinpin, ẹ so èkejì, ẹ so ti òde. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ kò ní rí èémí mí, á kú síbẹ̀, láìsí oògùn kankan. Bí kò bá gbẹ, á bu. Bí eku bá dá a lu, iṣẹ́ ti bàjẹ́, nítorí náà ẹ gbé e sórí pákó. Àpò náà wọ́n díẹ̀ ju àpò lásán lọ, àmọ́ a lè lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ̀yin tó wà ní ìlú náà lè ṣe é. Bí ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún bá dáwó jọ ní oṣù kẹjọ, tí wọ́n rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ tààrà, wọn kò ní mọ̀ pé oṣù karùn-ún wọ́n. Iṣu náà bẹ́ẹ̀, ẹ má sáré ra tuntun lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ẹ jẹ́ kí àwọn ará Savalou ṣe ọdún iṣu wọn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ná. Ó máa ń rọjú lẹ́yìn ìyẹn.

Tíṣà Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi ti wákàtí ránṣẹ́ sí ẹbí. Àbúrò tó wà ní Páríìsì ṣírò tirẹ̀ títí, ó ní òun gbà lórí ìrẹsì, òun ò gbà lórí ilé. Ẹ̀gbọ́n Èkó ní òun ló ṣì jáwé olúborí. Ó dára, kó gbé ife ẹ̀yẹ náà.

Ti kí a dáwó ra àgbàdo ló wà lọ́kàn mi jù báyìí. Àwa tíṣà mẹ́rin ti fẹnu kò. Àmọ́ irú nǹkan báyìí máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ta ni ó máa gbówó lọ́wọ́? Báwo la ṣe máa pín in?

Ìyá Elélùbọ́ (Kétu)

Tíṣà, ẹ máa ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe èsúsú. Kí oníkálukú san tirẹ̀ pé kí ẹ tó rajà, ẹni tó bá ní òun á san lóṣù tó ń bọ̀, kó dúró de oṣù tó ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ MoMo, owó orí fóònù, ni ẹ fi san, kí èèyàn méjì máa rí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fi abọ́ pín in. Abọ́ ọjà kò dọ́gba, mo mọ àwọn tó ń fi iná yọ́ ìsàlẹ̀ tiwọn sínú. Kílò ni kí ẹ fi pín in. Kí ẹ sì pín owó ọkọ̀ àti owó àpò kí ẹ tó gbé ẹrù, kì í ṣe lẹ́yìn.

Kí ẹ tó san owó fún àgbẹ̀ tàbí fún èmi, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín àpò, ẹ fi eyín gé hóró kan. Bó bá dún kó, ó gbẹ. Bó bá rọ̀, ẹ dá a padà.

Zémì Alẹ́ (Àjàṣẹ́)

Ta ni ó máa gbé àpò náà láti gáréèjì dé Wàǹdó? Mo ń bọ̀ fún un. Àpò kan lẹ́ẹ̀kan, owó 2022 kọ́ o.

Àgbẹ̀ Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́)

Tíṣà, ẹ má wá ní oṣù kẹfà. Àgbàdo ìgbà yẹn, àwọn oníṣòwò ló ni ín. Ti ìsàlẹ̀, ní apá Kétu, á kọ́kọ́ jáde, tiwa á tẹ̀lé e. Ẹ rà díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá, kí ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ de tiwa.